Bí Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Fi Ẹ̀yáwó Ìjọba Rà Ní Amẹ́ríkà Bá Ń Lo Omi Kànga

Ọwọ́ ara mi ni mo fi bu omi náà. Éjẹ́ǹtì wa ló ní kí n lọ gba ìgò ní láàbù, kí n bu omi sí i nínú ilé tí a fẹ́ rà, kí n sì gbé e padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sanwó, èsì jáde, èsì náà dára, mo fi ránṣẹ́ sí báǹkì tayọ̀tayọ̀. Báǹkì dá a padà. Omi yẹn ò ṣẹ̀ wọ́n o, ọwọ́ tó bu ú ni wọn ò gbà. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kò gbọ́dọ̀ bu omi àyẹ̀wò, ẹni tó ń tà á kò gbọ́dọ̀ bu ú, éjẹ́ǹtì náà kò sì gbọ́dọ̀ bu ú. Ẹni tí kò ní nǹkan kan jẹ nínú ọjà náà ni wọ́n ń fẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣòfò lórí ìgò kan tí kò tóbi ju ìkúùkù mi lọ.

Ìgbèríko ni ilé náà wà, ní apá ìlà oòrùn Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi ń wa tírélà. Ọdún mẹ́sàn-án la fi háyà ilé kí a tó rí èyí tí apá wa ká. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, mo ti fi ojú inú rí ibi tí n ó gbin ewédú sí. Páìpù omi ìlú ò dé àdúgbò yẹn, kànga tí ẹ̀rọ gbẹ́ ló ń fún un lómi. Mo ní kí ló burú ńbẹ̀? Ṣebí omi kànga la mu dàgbà ní Ìwó. Mi ò mọ̀ pé kànga yẹn ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé náà mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kí ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa kọsẹ̀ síbi tí mo ti kọsẹ̀.

Onígbọ̀wọ́ ni ìjọba

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìjọba ló ń yáni lówó nínú ẹ̀yáwó FHA tàbí VA. Báǹkì ló ń yáni lówó. Ìjọba ni onígbọ̀wọ́: bí ẹni tó yá owó kò bá lè san án mọ́, ìjọba ò ní jẹ́ kí báǹkì nìkan jẹ gbèsè náà. Ẹ sì mọ ìwà onígbọ̀wọ́. Kò sí èyí tí kì í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Ilé tí omi rẹ̀ ń dá àìsàn sílẹ̀, tàbí tí kànga rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ọdún kan, ta ni báǹkì máa rí tà á fún?

FHA ló wọ́pọ̀ jù láàárín wa, torí pé owó tí a kọ́kọ́ ń san sílẹ̀ kéré: ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bí máàkì kírẹ́díìtì yín bá ti tó 580. VA wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ológun àtàwọn tó ti ṣe é rí, àwọn ọmọ wa sì pọ̀ níbẹ̀ báyìí. USDA wà fún ìgbèríko, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò kọjá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí kì í béèrè owó àsansílẹ̀.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí omi nìyí. VA àti USDA máa ń béèrè àyẹ̀wò omi lórí kànga àdáni. Bí ẹ bá ti ń lò wọ́n, ẹ má wulẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ tètè wá owó àyẹ̀wò. FHA kì í fi dandan béèrè lórí ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, àfi bí òfin ìpínlẹ̀ tàbí káúńtì bá ní kí wọ́n ṣe é, tàbí bí nǹkan kan bá mú ìfura wá: páìpù tí ìpẹtà ti ń jẹ, omi tó ń rùn tàbí tí adùn rẹ̀ tàbí àwọ̀ rẹ̀ kò bójú mu, oko ńlá, ibi ìwakùsà èédú tàbí ìwagáàsì, ààtàn, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ilé epo tàbí ilé ìfọṣọ tó ń lo kẹ́míkà, tí ó bá wà láàárín ìdámẹ́rin máìlì sí ilé náà. Àwọn báǹkì kan sì wà tí wọn ò ní dúró de ìfura kankan. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ bá ẹni tó ń ṣètò ẹ̀yáwó yín sọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti bi í pé: "Ilé yìí ní kànga. Irú àyẹ̀wò wo lẹ fẹ́, ta ló gbọ́dọ̀ bu omi náà, ọjọ́ mélòó sì ni èsì rẹ̀ máa lò kó tó di ògbólógbòó?" Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ímeèlì. Ká ní mo ti béèrè ìbéèrè kejì yẹn, mi ò ní sọ ọjọ́ mẹ́rìnlá nù.

Oko adìyẹ ló kó bá tiwa. Ẹni tí báǹkì rán wá díwọ̀n iye ilé, tí wọ́n ń pè ní appraiser, dúró lẹ́yìn ilé, ó rí àwọn ilé adìyẹ gígùn mẹ́rin lókè ọ̀hún, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó tán.

Ẹ tún wo ojú títì. Bí páìpù omi ìlú bá gba iwájú ilé náà kọjá, tí owó tí wọ́n máa fi fà á wọlé kò sì pọ̀ jù, FHA lè ní kí wọ́n fà á dípò kànga.

Ẹ mú tépù dání

Bàbá mi àgbà kò gbọ́ orúkọ FHA rí títí wọ́n fi lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ kó gbẹ́ ṣáláńgá sí apá òkè kànga ní agboolé wa. Ohun kan náà ni àwọn ará ibí ń sọ, àfi pé wọ́n fi òǹkà sí i. Kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí septic tank, ìyẹn táǹkì inú ilẹ̀ tó ń gba omi ìdọ̀tí ilé, ní ẹsẹ̀ bàtà 50 ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ilẹ̀ tí omi ìdọ̀tí ti ń rìn wọlẹ̀, ìyẹn sókàwéè. FHA lè gba 75 bí àwọn aláṣẹ ìlera ìbílẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ìwọ̀n tún wà láti kànga dé ààlà ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 10 ni wọ́n sábà máa ń wò.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìlera káúńtì, ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì ilé, ẹ béèrè ìwé septic rẹ̀. Àwòrán sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń fi hàn ibi tí wọ́n ri táǹkì sí àti ibi tí àwọn páìpù sókàwéè gbà. Èmi àti ọkọ mi fa tépù lọ́jọ́ Sátidé kan, ó di orí kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, èmi ń rìn lọ nínú koríko pẹ̀lú àwòrán náà lọ́wọ́ òsì. Ẹsẹ̀ bàtà 108 dé sókàwéè. Ọkàn mi balẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 60 ni, ọjọ́ yẹn gan-an là bá ti jáwọ́, kí á tó náwó sórí nǹkan mìíràn, nítorí a lè fọ omi, ṣùgbọ́n a ò lè gbé kànga rìn.

Ẹ wo orí kànga náà. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ sókè kúrò nílẹ̀, ínǹṣì 12 ó kéré tán. Ilẹ̀ àyíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ dagun sí ìta kí omi òjò máa ṣàn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pinpin. Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ òrùka kọnkéré tó fẹ̀ bí ìlù gbẹ̀du, kànga tí kò jìn ni, omi orí ilẹ̀ máa ń tètè wọ inú rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé àtijọ́ ní Georgia. Irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wu báǹkì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Omi náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Fún ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, gálọ́ọ̀nù 3 ní ìṣẹ́jú kan ni FHA ń wò. Fún ilé tuntun, 5. Oníṣẹ́ kànga ló máa wọ̀n ọ́n fún báǹkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè dán an wò lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ilé: ẹ ṣí táàpù ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀, kí ẹnì kan flọ́ọ̀ṣì ṣáláńgá inú ilé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí omi bá ń rọ tí ó wá di tínrín bí okùn abẹ́rẹ́, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí tutọ́ afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bu omi àyẹ̀wò

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí láàbù rán wá ló bu omi náà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó bí ìgbà tí dókítà àgbà bá ń kọ́ wa níṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti rí gbogbo àṣìṣe tèmi. Ó kọ́kọ́ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu táàpù kúrò. Ó yí i padà, ó fi hàn mí: nǹkan dúdú tó ń yọ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Èmi ò tú tèmi. Ó fi oògùn nu ẹnu táàpù. Ó ṣí omi tútù, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìgò, kò gbé ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ ló fi dì í mú, inú ìdérí náà dojú kọ ilẹ̀. Ó bu omi dé ojú ìlà, ó dé e. Kò fi omi ṣan ìgò náà rárá, torí pé ohun funfun tín-ń-tín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, oògùn tó ń pa agbára kílóríìnì ni. Bẹ́ẹ̀ èmi ti ṣan tèmi dáadáa lẹ́ẹ̀mejì! Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí nǹkan nísàlẹ̀ ìgò tí kò ní ṣan án? Ó gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, ó kọ aago sára rẹ̀, ó sì gbọ̀nà láàbù lọ tààrà, torí pé omi tí wọ́n fẹ́ fi wá kòkòrò kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ fún àyẹ̀wò. Nítorí ìyẹn, ẹ má fi bíbu omi sí ọjọ́ Ẹtì, àyàfi bí láàbù bá ní àwọn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Ti òjé, ìyẹn lead, yàtọ̀. Omi tó ti sùn nínú páìpù mọ́jú ni wọ́n ń fẹ́ fún un, ẹ̀kán àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí táàpù, torí pé inú páìpù àti ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀ ni òjé ti sábà máa ń wọ inú omi. Bí ilé náà bá ṣófo, ìyẹn rọrùn. Bí àwọn tó ń tà á bá ṣì ń gbé ibẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n dáadáa.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ọ́fíìsì Extension ti yunifásítì Georgia wà káàkiri àwọn káúńtì, wọ́n ń gba omi kànga, láàbù wọn sì wà ní Athens. Owó wọn kì í gani lára. Àmọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ bi báǹkì bóyá wọ́n máa gba èsì wọn àti ẹni tó máa bu omi náà.

Kíka èsì

Èsì kejì jáde lẹ́yìn òjò ọjọ́ méjì. Total coliform (àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí): ó wà. E. coli: kò sí. Nitrate: 6.1. Òjé: 3. Omi tí mo bu nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní kòkòrò, omi tí wọ́n bu lẹ́yìn òjò ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: èsì tó dára lẹ́ẹ̀kan ń sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n bu omi yẹn ni, kò sọ ohun tí kànga máa ṣe bí òjò bá rọ̀.

Coliform gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà fa àìsàn, àmì ni, ó ń sọ pé ihò kan wà tí omi orí ilẹ̀ ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ E. coli ni wọ́n rí, ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti ẹran ti kan omi nìyẹn, ẹ má mu ún rárá. Òjé ò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú lítà kan, ṣùgbọ́n òdo ni ibi tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ń fẹ́ kó wà gan-an. Nitrite ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 1 lọ.

Nitrate ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Mílígíráàmù 10 nínú lítà kan ni ẹnu ààlà rẹ̀. Inú ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ àti omi septic ló ti ń wá. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò ní adùn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní: "Ṣebí ẹ óò sè é ni?" Gbogbo ìyá wa ló máa sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n fi lé ìgbẹ́ gbuuru jìnnà sí wa nìyẹn. Sísè ń pa kòkòrò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nitrate kì í bá ooru lọ. Ọbẹ̀ tó bá pẹ́ lórí iná, ṣebí iyọ̀ rẹ̀ ló ń le sí i? Omi ń fò lọ, iyọ̀ ń dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nitrate ṣe ń ṣe, òjé náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n bá fi irú omi yẹn po wàrà fún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́. Ìwé wọn máa ń sọ pé awọ ọmọ náà á di búlúù. Lára àwọn ọmọ tiwa, ẹ má dúró de awọ: inú ètè, ahọ́n àti abẹ́ èékánná ni kí ẹ wò, bí ó bá ti ń dúdú bí eérú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá. Bí aboyún bá wà nínú ilé, tàbí tí ìyá yín ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ tuntun, nitrate ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lójú ìwé èsì.

Bí èsì bá kùnà

Kì í ṣe òpin ọ̀nà. Oníṣẹ́ kànga wá, ó tú ìdérí, ó sì pè wá kí á wá wò ó. Etí ìdérí náà ti ya, èèrà ti ṣe ilé sábẹ́ rẹ̀, okùn aláǹtakùn kún ibẹ̀. Ihò tí a ń wá nìyẹn. Ó fi ìdérí tuntun tó ní róbà nínú rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da kílóríìnì tí kò ní lọ́fínńdà sínú kànga, ó wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó fi họ́ọ̀sì yí omi náà po padà sínú kànga, ó ṣí gbogbo táàpù lọ́kọ̀ọ̀kan títí òórùn kílóríìnì fi dé ẹnu wọn, ó sì tì wọ́n. Ó sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi họ́ọ̀sì tú omi náà sí ìta, jìnnà sí septic, torí kílóríìnì púpọ̀ máa ń pa àwọn kòkòrò tó ń bá wa jẹ ìdọ̀tí inú táǹkì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, láàbù tún padà wá. Òdo.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ kánjú bu omi nígbà tí kílóríìnì ṣì wà nínú rẹ̀. Èsì á dára, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Bó bá jẹ́ nitrate tàbí òjé ló kọjá ààlà, kílóríìnì ò ran ìyẹn. Ẹ̀rọ asẹ́ omi ló kàn, ìwé sì máa pọ̀ sí i lọ́dọ̀ báǹkì, títí kan àdéhùn lórí ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ tí ẹ bá rí èsì ni kí ẹ ti sọ fún wọn.

Ẹni tó ń ta ilé ló sanwó ìdérí àti kílóríìnì tiwa, ṣùgbọ́n torí pé a ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ni. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ọjà, kí ó wà nínú rẹ̀ pé ọjà náà dúró lórí kí omi kànga yege nínú àyẹ̀wò tí báǹkì bá béèrè, ẹni tó máa sanwó àtúnṣe, àti pé ẹ lè gba owó yín padà bí kò bá yege. Kí ọjọ́ tí ẹ gbà pọ̀ tó láti ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì.

Bí kànga bá jẹ́ ti àjùmọ̀lò, tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ń fa omi láti orí ẹyọ kan, FHA ò gbà kí ilé tó ń lò ó ju mẹ́rin lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè ti omi tirẹ̀ pa, àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba, èyí tó máa de ẹni tó bá tún ra àwọn ilé náà lẹ́yìn ọ̀la. Àdéhùn ẹnu pẹ̀lú Baba Ilé Kejì ò tó.

Ohun tí báǹkì ò ní béèrè

Àyẹ̀wò tí báǹkì ń béèrè, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣọ́. Òfin omi mímu Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974 kò kan kànga àdáni. Kò sẹ́ni tó ń bá yín ṣọ́ ọ. Ní New Jersey, láti ọdún 2002, òfin ti ní kí wọ́n yẹ omi kànga wò nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé, ohun tí wọ́n sì ń wá níbẹ̀ pọ̀ ju ti báǹkì lọ fíìfíì. Georgia ò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, èmi fi owó ara mi kún un: mo ní kí wọ́n wo arsenic àti uranium, torí pé orí àpáta giranáìtì ni apá tiwa yìí wà, uranium sì lè wà nínú omi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàbù tàbí ọ́fíìsì ìlera káúńtì yín á sọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ tiyín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ gba ìwé kànga náà pẹ̀lú: ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ, bó ṣe jìn tó, ibi tí pọ́ǹpù dúró sí, orúkọ ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn. CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àrùn, ní kí á máa yẹ omi kànga wò lọ́dọọdún fún coliform àti nitrate. Oṣù kẹta ni mo máa ń ṣe tèmi. Mo máa ń dúró kí òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì kí n tó bu ú, torí pé ẹ̀yìn òjò ni kànga wa ti kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún wa.